Sáńpépà Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀

Mo rántí òórùn fáníìṣì àti òórùn omi adágún nígbà ọyẹ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ni mo máa ń gbé wálé lọ́jọ́ Sátidé, tí ìyàwó mi á sì ní kí n lọ wẹ̀ kí n tó gbé ọmọ. Èmi ni káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ onígbòkun ṣe ní Kàdúná. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín. Wọ́n á ní, "Kàdúná wo? Níbo ni òkun wà níbẹ̀?" Òótọ́ ni, kò sí òkun. Ṣùgbọ́n adágún kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti sé omi, àwọn òyìnbó, àwọn ará Íńdíà, àwọn ará Lẹ́bánónì àtàwọn ọ̀gá báńkì mélòó kan sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kéékèèké sáré ìje lórí omi náà. Àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Ó yẹ kí n máa rántí wọn tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kakuri nígbà náà, ó dojú kọ ògiri iléeṣẹ́ aṣọ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni oníbàárà mi: bẹ́ẹ̀dì, àga, kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó tuntun. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, ẹni tó sọ lánàá pé kí n kan àga mẹ́rin fóun á tún wá lónìí wá sọ pé kí n ṣì dáwọ́ dúró ná. Mo ń bínú síjọba, mo ń bínú síléeṣẹ́, mo tiẹ̀ ń bínú sí àwọn àga tí mo ti kàn tán tí wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń wò mí. Àárín ìyẹn ni ẹnjiníà kan wọlé wá, ọkùnrin gbọọrọ kan, ará Íńdíà, tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ. Dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ló gbé wá. Ó yẹ ibi tí mo ti so igi méjì pọ̀ lára kọ́bọ́ọ̀dù kan wò, ó fi ìka tọ́ ọ, ó wá bi mí bóyá mo lè tún ọkọ̀ omi ṣe. Mo ní mo lè ṣe é dáadáa. Mi ò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ omi rí láyé mi, ṣùgbọ́n nígbà yẹn kò sí ohun tí ẹ lè bi mí tí mi ò ní ní mo lè ṣe.

Bí mo ṣe mọ Kwarya nìyẹn. Kwarya ni àwọn lébìrà Hausa tó wà létí omi ń pè é, ìyẹn igbá, nítorí pé ó kéré, ó fúyẹ́, ó sì ń léfòó. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é, ìgbòkun rẹ̀ pupa, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Àwòrán tí wọ́n fi ń kàn án dàgbà jù mí lọ. Ẹnjiníà sọ fún mi pé ẹni tó yà á fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ayùn àti sùúrù lè kàn án lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀. Gbogbo Kwarya tó wà láyé ló jọra, wọn kì í fi ìwọ̀n ìka kan ju ara wọn lọ, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ọkọ̀ í darí ni yóò borí.

Adágún wa yẹn kò sì gba ìgbéraga. Òkè yí i ká, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lágbára, ó sì ń yí padà nígbàkúùgbà. Àwọn olówó ní ọkọ̀ gígùn, tuntun, tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun, tí kò tilẹ̀ ní igi kankan lára. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yí, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn á dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Kwarya á ti yí, á ti lọ. Bí ọkọ̀ àtijọ́ náà ṣe ń borí nìyẹn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Inú mi ń dùn débi tí mò ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ ọ́ nípàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, alága sì ní kí n jókòó, pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú là ń sọ lọ́wọ́.

Nínú gbogbo Kwarya tó wà lórí omi yẹn, ti ẹnjiníà ló yára jù. Nọ́ńbà méje ló wà lára ìgbòkun rẹ̀, Méje sì ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló gbó jù, òun ló burẹ́wà jù, òun ló sì ń gba ipò kìíní. Ọdún méjì gbáko ló fi ń gbà á, àfi ọjọ́ tí ẹnjiníà ò bá sí nílùú. Ohun tó ń dùn mí nìyí: èmi ni mo tún ìdí Méje ṣe, mi ò sì parí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pátápátá, níbi tí wọ́n so pákó ìdarí mọ́, ti jẹrà. Mo gé e kúrò, mo kan igi ọ̀gánwó tuntun sí i. Ó ku kí n fi sáńpépà pa etí rẹ̀ kí ó yí róbótó, ni ẹnjiníà dé lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, ó ní eré wà lọ́la, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Etí náà mú bí ó ṣe kúrò lẹ́nu ìfági. Ó ṣe gbagidi, ó fún, ẹ lè fi gé búrẹ́dì.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi, ẹ ní láti mọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kabala Doki. Bí a bá kan àga tán, á ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á fi ẹran ara abẹ́ apá rẹ̀ wọ́ gbogbo etí àga náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ibì kan bá ha á lára báyìí, ó di wàhálà. "Agbádá èèyàn lo fẹ́ fà ya, àbí orúnkún ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ bẹ́?" Á fi igi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà kàn mí lórí. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ pé iṣẹ́ tí etí rẹ̀ bá ṣì mú, iṣẹ́ ẹni tí kò gba fírídọ́ọ̀mù ni. Nítorí náà, gbogbo Kwarya yòókù tí mo tún ṣe ni mo pa etí rẹ̀ róbótó, mo dán wọn, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́. Àwọn oníyẹn ń yìn mí gan-an ni. Ẹ̀yìn Méje ni wọ́n sì ń dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti lè máa rí i. Èmi ò rí i. Ohun tí mò ń rí ni pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé àléébù mi kiri ń jáde sí gbangba, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo bẹ ẹnjiníà títí. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n gbà á ọjọ́ kan péré, kí n parí ìdí rẹ̀." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kafinta, ó ń borí báyìí. Fi í sílẹ̀." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sọ ìdí tó fi fẹ́ kí n fi í sílẹ̀, èmi náà kò bi í. Bóyá ó rò pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ti mọ̀.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ wọn sọ pé àwọn ò ní nílò àwọn àjèjì mọ́. Ẹnjiníà ń lọ sílé. Kí ó tó lọ, ó ṣe ohun kan fún mi tí baba mi gan-an ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ní ìlú mìíràn, ó ní káfíńtà kan wà ní Kàdúná tó lè kan Kwarya, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣe. Wọ́n dáhùn pé àwọn á gbé méjì nínú ọkọ̀ gígùn àwọn wá. Tí Méje bá fẹ̀yìn wọn balẹ̀, àwọn á ní kí n kan mẹ́fà fáwọn. Mẹ́fà! Lọ́dún tí mi ò rí ẹni tí yóò ra àpótí ìjókòó. Mo lọ wo pákó, mo lọ wo ọ̀gánwó. Mo sọ fún ìyàwó mi pé káfíńtà tó ń kan àga ti kú, pé ẹni tó ń kan ọkọ̀ ló fẹ́ báyìí. Ó ní, "Haba, Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sá eré náà ná."

Ọ̀la ni àwọn àlejò ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni, ara mi ò sì lélẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé oníbàárà tó bá mọ ohun tó ń rà, kì í wo iwájú àga. Á dojú rẹ̀ délẹ̀, á wo ìdí rẹ̀. Àwọn àlejò yìí á dojú Méje délẹ̀, wọ́n á rí etí gbagidi yẹn, wọ́n á bi ara wọn pé ṣé ẹni tó ṣe èyí la fẹ́ gbé mẹ́fà fún? Mo ki sáńpépà mẹ́ta sápò, mo mú agolo pọ́líìṣì kékeré kan, mo gun àṣàbá, ìyẹn ọ̀kadà, ó di etí omi.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi bàbá mai gadi tó ń ṣọ́ ọgbà. Bàbá náà ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ pẹja ní ìhà Kebbi kí ó tó wá dàgbà sídìí iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Méje wà ní dídojúdélẹ̀ lórí iyanrìn. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, inú mi dùn. Ọdún méjì ni iṣẹ́ yẹn ti wà lọ́kàn mi. Mo fi èyí tó le kọ́kọ́ pa á, mo fi èyí tó fẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e, mo yí etí ìdí ọkọ̀ náà róbótó, mo tún yí ẹ̀yìn pákó ìdarí rẹ̀ pẹ̀lú, mo fi pọ́líìṣì nù ún kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ara tó kù mu. Lẹ́yìn náà, mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, mo fi abẹ́ apá mi wọ́ ọ láti òpin dé òpin. Kò ha mí níbì kankan. Bàbá mai gadi ti kírun tán, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó dúró, ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Ó ní, "Kafinta, sannu da aiki," ó kí mi kú iṣẹ́. Mo dá a lóhùn. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìyàwó mi dání, ó gbé mọ́ínmọ́ín dání. Kí a tó dé, wọ́n ti yí Méje padà, wọ́n ti gbé e sómi, ẹnjiníà ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa ń bá a wọ ọ. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa yí adágún náà po. Fèrè dún, Méje ló kọ́kọ́ jáde bí ìṣe rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kí ó máa wò ó. Nígbà tí wọ́n yí àmì àkọ́kọ́, ọkọ̀ gígùn kan sún mọ́ ọn. Mo ní kò séwu, afẹ́fẹ́ á yí láìpẹ́. Afẹ́fẹ́ yí lóòótọ́. Ẹnjiníà náà yí ìgbòkun rẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe, ṣùgbọ́n Méje kò já. Omi tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń ru, bí ẹni pé ẹnì kan di ọkọ̀ náà mú nídìí. Ọkọ̀ gígùn àkọ́kọ́ kọjá rẹ̀. Ìkejì kọjá. Kwarya kan tí ọ̀gá báńkì kan ń wà, tí kò tíì sún mọ́ ẹ̀yìn Méje rí, òun náà kọjá. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ìyàwó mi rọra di apá mi mú, ó ní, "Ẹ jókòó."

Ipò kẹrin ni Méje gbà, lójú àlejò.

Olórí àwọn àlejò wá bá mi létí omi. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó dojú Méje délẹ̀ bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́, ó fi ọwọ́ pa ìdí rẹ̀, ó ní òun ò tíì rí iṣẹ́ igi tó dán tó báyìí ní gbogbo àríwá. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ó dà bíi pé ọkọ̀ náà ti gbó, pé ayé rẹ̀ ti lọ, pé ọkọ̀ gígùn bíi tàwọn làwọn á tún rà. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín wa, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ.

Ẹnjiníà kò wo ọkọ̀ rárá. Orí iyanrìn ló jókòó sí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo bi í pé, "Sà, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó mi orí. "Kafinta, má bínú. Èmi ni mo kó bá ọ." Mo gbà fún un, ẹ gbọ́? Mo gbà pé òun ló kó bá mi. Mo bínú sí i délé, mo bínú sí i sùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkàn rẹ̀ ti wà ní Íńdíà, pé kò fi ara ṣe é.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo padà lọ kó irinṣẹ́ mi. Bàbá mai gadi ń tún àwọ̀n kan ṣe, kò gbé ojú sókè. Mo ń ráhùn fún un ní Hausa pé mi ò mọ ohun tó ṣe Méje. Ó ní, "Ai, na gan ka." Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mò ń ha ìdí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé: omi tó bá dé etí tó mú, á já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á lọ. Omi tó bá dé ibi róbótó, á tẹ̀ ká ibẹ̀, á dì mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á máa fà á kiri. Ó ní ọmọdé tó bá ń gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lábúlé àwọn mọ ìyẹn. Ara mi gbóná. Mo ní, "Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Ó wá gbé ojú sókè wàyí. "Na ɗauka ka sani." Ó rò pé mo mọ̀. Káfíńtà ni mí, mai gadi lásán ni òun. Mo pariwo mọ́ bàbá náà, ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, títí àwọn lébìrà fi wá mú mi kúrò. Àwọ̀n rẹ̀ ló ń tún ṣe lọ.

Mo wá rántí gbogbo rẹ̀: gbogbo Kwarya tí mo tún ṣe, bí mo ṣe ń gbà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń sáré, tí mo ń dá wọn padà ní dídán, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ló ń pa wọ́n. Èyí tí mi ò ráyè pa ló ń borí, mo sì sapá títí mo fi rí i pa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún ẹnjiníà ní Kàdúná. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ fún un. Ó ní, "Ẹ lọ báyìí báyìí. Bí ẹ bá sọ ọ́, á kọ̀wé míì sáwọn èèyàn yẹn." Òótọ́ ló sọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀kíní, àwọn tó ń di ẹrù kún ilé, mo padà. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ti tò ó sẹ́nu láti Kakuri débẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Méje wà níbẹ̀, òun àti ìgbòkun pupa rẹ̀ tí wọ́n ti ká. Ó ní tèmi ni, pé òun ò lè tà á, pé ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ló yẹ kó jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu tú ká. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wákàtí kan ni iṣẹ́ náà gbà mí nígbà tó yá. Mo fá etí róbótó yẹn kúrò, mo lẹ igi tín-ínrín kan mọ́ ọn, mo fi ìfági ṣe é gbagidi, mi ò fi sáńpépà débẹ̀. Mo gbé e lọ sómi lọ́jọ́ kan, bàbá mai gadi bá mi tì í. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, Méje sì já lọ. Ó lọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí omi. Mi ò rí ọkọ̀ kankan tó máa bá a sáré. Àwọn àjèjì ti ń lọ, ẹgbẹ́ ti tú ká, koríko ti ń hù níbi tí wọ́n ń jókòó sí.

Kamazou ni mo ń gbé báyìí. Méje wà lábẹ́ àjà bárákà tó wà lẹ́yìn ilé, okùn ni mo fi so ó rọ̀. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni sáré mọ́ látìgbà náà. Lóṣù tó kọjá, nọ́ńbà àjèjì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ohùn arúgbó ni. Ó ní, "Kafinta, sannu," mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ìyàwó mi àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Ó béèrè Méje. Ó ní ibi tóun ń gbé kò jìnnà sómi, pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi lòun ń gbọ́ ariwo àwọn ọlọ́kọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọjọ́ eré ìkẹyìn yẹn lòun mọ̀ pé ọwọ́ òun ti kú, pé òun ò wọ ọkọ̀ onígbòkun mọ́ láti ọjọ́ náà títí dòní.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé fóònù náà lọ sábẹ́ Méje. Mo ń tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Mo ń kí i, mo ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, mo ń sọ fún un pé ìyàwó mi kí i. Tí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ sáńpépà, mo ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí yìí ti mọ̀ ọ́n, òun kò tíì mọ̀.